Igi Atọ́ka tí Mo Fà Tu ní Ìlú Tẹnitẹni

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí oorun ń kùn, kí ó lọ sùn nílé rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rín kò pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ́, ọdẹ Ìdí-Ahùn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi ọsàn yìí, wọn kò tíì bí baba yín nígbà tí mo ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ó kọ́kọ́ pe orúkọ mi kí ó tó fẹ́ kàn mí. Mo bá iwin kan jìjàkadì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, òun ni ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ mu omi. Bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ fara dà á. Ibi tí mo ti ṣe akin pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀ ni mo ń mú yín lọ lónìí.

Ìyàwó mi ni Àwẹ̀ró. Obìnrin ìlú wa kì í pe ọkọ lórúkọ, orúkọ tí ó bá wù ú ni ó máa ń fún un. Orúkọ tí Àwẹ̀ró fún mi ni Mápẹ́nígbó. Bí mo bá ti gbé àpò kọ́ apá ni yóò pè é, bí mo bá sì padà dé, yóò tún pè é. Mo ti gbọ́ oríkì mi lẹ́nu àwọn tí ń sun ìjálá, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ mi nínú tó Mápẹ́nígbó.

Ní ọdún kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àìsàn kan mú un. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò rù, oúnjẹ ń wọlé dáadáa. Orúkọ ni ó ń gbàgbé. Ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kí àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò. Bí a bá sọ orúkọ náà fún un, yóò ti bọ́ lórí rẹ̀ kí ó tó pè é tán. Ẹni tí ó bá sì ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ojú ẹni náà di ojú àjèjì sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń sọ ọ́ láìtijú, èmi tí ẹfọ̀n kò dẹ́rù bà.

Baba mi fi ìwé awọ kan sílẹ̀ fún mi, ìwé ìwòsàn ni. Àìsàn tí ó mú Àwẹ̀ró wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ni ó kún ibẹ̀. Níwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kan wà tí ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́: èyí ni ewé, èyí ni mímu, èyí ni fífi para, èyí ni èèwọ̀, ibí ni ó parí sí. Ẹni tí kò bá ní ìwé àmì, ìyẹn ìwé kejì tí ó túmọ̀ àwọn àmì náà, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò máa rí. Kò ní mọ èyí tí à ń mu yàtọ̀ sí èyí tí ń pa ènìyàn.

Iwin kan wà tí à ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀kan. Mo tú u sílẹ̀ nínú tàkúté mi nígbà kan, mi ò pa á, láti ìgbà náà ni ó ti máa ń yà sọ́dọ̀ wa. Ó mọ ìwé kà. Ó sì yára: kí o tó pajú dé, ó ti dé òpin Igbó Adirù, ó ti padà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé bá kọ nìkan ni ó lè lọ. Kò lè béèrè ọ̀nà. Kò lè wo ẹ̀gbẹ́. Bí ìwé bá ní yàrá kẹta, tí ohun tí ó ń wá sì wà ní yàrá kẹrin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọwọ́ òfo ni yóò gbé padà.

Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín, Jọláadé? Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọmọ tí ó ti ìlú ńlá wá kí wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣàpèjúwe. Ó ní bí ó ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo gbọ́. Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Orí ìwé baba mi ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: “Ìwé àmì mi wà ní ìlú Tẹnitẹni, àká kẹta, pẹpẹ ọwọ́ ọ̀tún.” Ẹlẹ́sẹ̀kan lọ, ó mú ìwé kan bọ̀. Ó kà á, ó fọwọ́ gbá orí.

Ó ní, “Ọdẹ́rìnlọ́, ibi tí wọ́n kọ ni mo lọ. Ìwé àmì nìyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti yí i fún ìlò ara rẹ̀. Bí mo bá fi èyí ka ìwé baba rẹ, ohun tí ó yẹ kí ìyàwó rẹ fi para ni yóò ní kí ó mu. Yóò kú. Ìwọ ní ẹsẹ̀ méjì, o sì ní ẹnu. Lọ wá ojúlówó rẹ̀. Bí o bá rí i, gbé e sí ibi tí ìwé kọ. Àràárọ̀ ni n óò máa lọ wo ibẹ̀.”

Nígbà tí mo ń lọ, Àwẹ̀ró fún mi ní okùn òwú kan. Kókó mọ́kànlélógún ni ó ta sí i. Ó ní, “Orúkọ tí ó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Bí ọ̀kan bá bọ́ lórí mi, kókó kan yóò tú. Èyí tí ó wà lókè pátápátá ni ti yín. Mo ta á le ju ìyókù lọ.” Ó wá pè mí: “Mápẹ́nígbó.” Mo ní, “Mi ò ní í pẹ́.”

Igbó Adirù ni igbó àwọn iwin tí ń di ẹrù ìwé, tí wọ́n ń pín in kiri ayé. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n. Ẹrù tí wọ́n ń dì kò yàtọ̀ síra, ìwé àmì kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Ní ẹnu bodè, mo bá iwin kan tí ẹrù orí rẹ̀ ga ju ilé lọ. Ó ní òun yóò gbé e lé mi lọ́rùn bí mi ò bá dá òun lóhùn. Ó ní, “Kí ni gbogbo ìlú igbó yìí ń lò, tí kò sí ìlú tí ó ni ín?” Ọdẹ mìíràn ì bá ní omi, ọrùn rẹ̀ ì bá sì ti ṣẹ́ sábẹ́ ẹrù. Èmi wo ẹsẹ̀ mi. Koríko ti bo ojúgun mi. Mo ní, “Ọ̀nà ni.” Iwin náà bú sẹ́kún. Ó ní òun ti ń béèrè fún igba ọdún, àwọn tí ó mọ ìdáhùn rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mú àdá dání láti ro ó. Èmi náà kò mú àdá dání. Mo kọjá lọ.

Ní Tẹnitẹni, ilé kọ̀ọ̀kan ní kànga tirẹ̀, ààrò tirẹ̀, àká tirẹ̀. Ogójì àká ni mo kà. Olórí wọn ń jẹ́ Afẹ̀yìnríran, ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà, ibi tí ó ti ń bọ̀ nìkan ni ó ń rí. Ó ní, “Ẹrù tí ó bá mú ìwé àmì wá, ẹ̀gbẹ́ ẹrù náà ni ìwé àmì yóò máa gbé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Nítorí náà ogójì ìwé àmì ni ó wà nílùú, olúkúlùkù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí méjì tí ó bára mu. Kò sì sí onílé tí ó fẹ́ kí àlejò wo inú àká òun, nítorí náà mo bá wọn jà. Ogójì onílé ni mo gbé ṣánlẹ̀, ẹ lè lọ béèrè. Nígbà tí mo ka gbogbo ogójì tán, mi ò rí ojúlówó, kókó mẹ́rìndínlógún ni ó sì kù lórí okùn.

Mo sáré lọ sí Àkójọ. Àká kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ó gùn láti ẹnu bodè dé ààfin, gbogbo nǹkan sì wà létò: ìwé àmì ní apá kan, ìwé ìtàn ní apá kan. Inú mi dùn. Olórí wọn, Agbálẹ̀, irùngbọ̀n ni ó fi ń gbálẹ̀ bí ó ti ń rìn. Ó fa ìwé àmì jáde kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Tuntun ni. Mo fi wé àwọn àmì ìwé baba mi tí mo ti há sórí kí n tó kúrò nílé, àmì mẹ́ta wà nínú ti baba mi tí tuntun yìí kò gbọ́ rí.

Mo ní, “Ti àtijọ́ dà?”

Ó ní, “Tuntun dé, a gbé e sí ààyè àtijọ́. A fi àtijọ́ dáná.”

Mo ní, “Àwọn tí ó ń ka ìwé tí wọ́n fi ti àtijọ́ kọ ńkọ́?”

Ó ní, “Kí wọ́n lọ tún ìwé wọn kọ.” Ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Kókó mọ́kànlá ni ó kù. Mo jókòó sójú ọ̀nà, mo sunkún. Ẹ má wojú mi bẹ́ẹ̀, ọdẹ náà máa ń sunkún.

Ìlú kẹta ń jẹ́ Atọ́ka. Kò sí àká níbẹ̀ rárá. Ìyá arúgbó kan ni mo bá ní oríta, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan gùn tó ọ̀pá ìtilẹ̀, pákó fífẹ̀ kan sì wà níwájú rẹ̀, orúkọ ní apá òsì, ibi tí nǹkan wà ní apá ọ̀tún. Ìyá Atọ́ka ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, “Ẹni tí ó kọ ìwé baba rẹ ṣe ọ́ níbi. Orúkọ ìwé àmì ni ó yẹ kí ó kọ sórí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó wà. Bí o bá mú orúkọ wá, èmi yóò fi ibẹ̀ hàn ọ́, ì báà ti kó lọ sí ilé méje.” Mo sọ orúkọ tí baba mi máa ń pè é. Ìka rẹ̀ na gbọọrọ gba orí igbó lọ. “Ojúlówó rẹ̀, ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan ni ó kù. Abẹ́ ẹní Afẹ̀yìnríran ni ó wà. Kò ní yọ ọ́ síta, ó ń bẹ̀rù pé Agbálẹ̀ yóò sun ún. Àfi bí ìlú mẹ́ta bá fẹnu kò sí bí a ó ṣe máa to àká.” Kókó mẹ́wàá ni ó kù nígbà tí mo ránṣẹ́ pe àwọn olórí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn iwin péjọ sí Tẹnitẹni. Ìyá Atọ́ka la ètò sílẹ̀ fún wọn. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àká kan fún ìwé tí gbogbo ayé jọ ń lò, kí orúkọ àká náà má yàtọ̀. Nínú àká, kí a to ìwé sí ọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀wọ́, kí ẹni tí ó ṣe é ní pẹpẹ. Lórí pẹpẹ, kí àtijọ́ àti tuntun ní ihò tiwọn, kí ọ̀kan má jókòó lé èkejì lórí. Kí pákó atọ́ka wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù tí ó bá wọlé yóò kọ ìlà tirẹ̀ síbẹ̀, tí ó bá ń jáde, kí ó pa ìlà tirẹ̀ nìkan rẹ́.

Ṣé ó le? Kò le. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n gbà á. Ọjọ́ mẹ́jọ tí ó kù, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi jà? Irú àmì tuntun kan ti jáde nígbà náà, ọmọ bíbí inú ti àtijọ́. Afẹ̀yìnríran ní inú ọ̀wọ́ ti àtijọ́ ni kí ó máa gbé, ọmọ kì í kọ́lé níwájú baba rẹ̀. Agbálẹ̀ ní kí ó ní ọ̀wọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti orí, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kókó kan ń tú lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi Ọdẹ́rìnlọ́. Afẹ̀yìnríran ní kí n fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Mo kórìíra wọn dénú eegun. Mo kórìíra wọn títí di òní.

Jọláadé ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tí ń di ètò kọ̀ǹpútà lẹ́rù, tí wọ́n ń pín in kiri, ṣe ń jà lórí ibi tí fáìlì àjọlò yóò wà. Níbo lẹ rò pé wọ́n ti kọ́ ọ?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, kókó kan ṣoṣo ni ó kù, ti òkè pátápátá. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín lu òrùlé tí ó bo àwọn olórí, koríko ya lé wọn lórí. Mo ní ẹni tí ó bá tún lanu, ihò imú rẹ̀ ni n óò gba inú rẹ̀ yìn ín. Wọ́n gbà kíákíá pé kí àmì tuntun ní ọ̀wọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Afẹ̀yìnríran lọ sí abẹ́ ẹní, ó mú ojúlówó ìwé náà jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Inú mi dùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Mo ń fi hàn àwọn iwin kéékèèké bí mo ṣe yin ìbọn. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Atọ́ka lẹ́yìn mi, ó ń sọ ohun tí a óò ṣe sí àwọn àká àtijọ́. Mi ò yíjú. Mo ní n óò gbọ́ ọ bó bá yá.

A kó ẹrù ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ojúlówó ìwé náà sínú àká tuntun Tẹnitẹni, ọ̀wọ́ rẹ̀, pẹpẹ rẹ̀, ihò rẹ̀. Mo kọ ìlà rẹ̀ sí ara pákó. Kò sí ohun tí mo rí láyé mi tí ó wà létò tó àká yẹn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo lọ wo àwọn àká àtijọ́ bóyá a gbàgbé nǹkan. Mo dé àká kẹta. Pẹpẹ ọwọ́ ọ̀tún ti ṣófo, ṣùgbọ́n igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gún síbẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà àká tuntun.

Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ dá mi lóhùn. Bí ọdẹ bá dẹ tàkúté, kí ni ó máa ń gún sí ojú ọ̀nà? Igi. Bí ó bá wá tú tàkúté náà ńkọ́? Yóò fa igi tu, yóò gbá ojú ibẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà máa yẹra fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Baba mi nà mí nígbà kan nítorí pé mo tú tàkúté tí mo fi igi rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo rí igi lójú ibi tí kò sí nǹkan mọ́, inú bí mi. Mo ní ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí báyìí? Mo fà á tu, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo fi ewé gbá ojú ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí mo ṣe.

Jọláadé, mo mọ ohun tí o fẹ́ béèrè. Ṣé Ẹlẹ́sẹ̀kan kò sọ fún mi pé ibi tí ìwé kọ ni kí n gbé e sí ni? Ó sọ ọ́. Àwa tí a wà ní ìpàdé, gbogbo wa ni a mọ àká tuntun, gbogbo wa ni a mọ pákó. Orí mi kún fún ètò náà débi pé mo gbàgbé pé ẹni tí ń bọ̀ ní òwúrọ̀ kò wá sí ìpàdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé mi gun àga, wọ́n ń yìn mí. Okùn wà lọ́wọ́ mi. Ẹlẹ́sẹ̀kan ti lọ sí ìlú Tẹnitẹni, àká kẹta, pẹpẹ ọwọ́ ọ̀tún. Bí igi tí Ìyá Atọ́ka ní kí wọ́n gún síbẹ̀ bá ṣì wà ni, ì bá tẹ̀ lé ibi tí orí rẹ̀ kọ sí, ì bá mú ìwé, àgúnmu náà ì bá sì wà lẹ́nu Àwẹ̀ró kí wọ́n tó gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ gbígbá ni ó bá. Kò lè béèrè. Kò lè wo ẹ̀gbẹ́. Ó padà sílé. Mo rí kókó òkè náà tí ó ń tú díẹ̀díẹ̀ lójú mi, nítorí pé ó le ju ìyókù lọ. Mo fi ìka méjì dì í mú. Ó tú láàárín ìka mi.

Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé pẹpẹ kankan mọ́, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi rìn délé pẹ̀lú ìwé náà nínú àyà mi. Ẹlẹ́sẹ̀kan kà á, kò ṣì í. A po ewé náà, Àwẹ̀ró mu èyí tí à ń mu, ó fi èyí tí à ń fi para para, àìsàn náà fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó tún kọ́ orúkọ àwọn aládùúgbò, ó kọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti bọ́ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò padà. Àlejò ni a fi ń hàn án. Ó wo èmi tí mo dúró níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ wá kí?”

Àwọn àká Igbó Adirù ń bẹ létò títí di òní. Wọ́n fi orúkọ mi pe ilẹ̀kùn ọ̀kan. Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe?

Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn kọjá, omi ni ó gbé bọ̀ fún yín. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ràn kí n sọ ìtàn yìí, ó ní ó wu òun bí mo ṣe ń fi orúkọ òun sí i. Ó fún mi ní yàrá kan nínú ilé yìí, ó ní bàbá ọdẹ tí kò ní ẹnìkan kò gbọdọ̀ máa sùn síta. Kí ni o wí, Àwẹ̀ró? Ó ń béèrè bóyá ìyàwó ọdẹ náà padà mọ ọkọ rẹ̀. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní ó mà ṣe o.

Ó tó báyìí, ẹ dìde. Ohun tí mo fojú rí ni mo sọ, ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Jọláadé, kí lo tún fẹ́? Okùn náà? Wo ìgbálẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi ń gbá ojúde yẹn. Okùn náà ni ó fi dì í. Ó rí i lára ògiri yàrá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó béèrè bóyá ẹnìkan ń lò ó. Mo ní kò sí ẹni tí ó ń lò ó.